JAMB Ọ̀rá: Kó Àìsàn Mẹ́rin Wá, Kó O Tó Gba Abẹ́rẹ́

Àwọn ọmọ wa tó wà ní London rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ JAMB láti ọjọ́ tí bàálù ti gbé wọn kúrò ní Ìkẹjà. Wọn ò mọ̀ pé JAMB náà ti gba físà, ó ti gúnlẹ̀ sí ìlú ọba, ó sì ti ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì dókítà. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2025 ló wọṣẹ́. Ọjọ́ náà ni ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS, ní kí àwọn dókítà àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Mounjaro fún ẹni tó bá sanra kọjá ààlà. Mounjaro yìí ni abẹ́rẹ́ tí ariwo rẹ̀ gba ìgboro kan: èèyàn á gún un fún ara rẹ̀ níkùn tàbí nítan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, oúnjẹ á sì dẹ́kun pípe orúkọ rẹ̀ láti ilé ìdáná. Inú tolórí tẹlẹ́mù dùn. Wọ́n wẹ̀, wọ́n wọṣọ, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé ìdánwò wà.

Àkọ́kọ́, ní ọdún tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, BMI rẹ gbọ́dọ̀ tó 40. Wọ́n á gbé ọ gun òṣùwọ̀n, wọ́n á fi iye mítà tó o ga pín kílò rẹ, wọ́n á tún fi mítà yẹn kan náà pín èyí tó bá jáde. Adolphe Quetelet, ọmọ ilẹ̀ Belgium, ló gbé ìṣirò náà kalẹ̀ láàárín ọdún 1830 sí 1840. Onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀ ni, kì í ṣe dókítà. Bí ènìyàn lásán, tí kò ga jù tí kò kúrú jù, ṣe máa ń rí ni bàbá náà ń wá kiri. Kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí wọ́n máa fi ìṣirò òun dá màmá oníṣu padà lẹ́nu ọ̀nà dókítà.

Ìkejì ló dùn jù. Wọ́n to àìsàn márùn-ún sílẹ̀: àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀, kí èémí máa dá lójú oorun, àti kí ọ̀rá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ó kéré tán, o gbọ́dọ̀ ní mẹ́rin. Àwa tí ojú wa ti rí màbo lọ́wọ́ WAEC mọ irú èdè báyìí. Kírẹ́díìtì mẹ́rin nínú márùn-ún, ní ìjókòó kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ní mẹ́ta, kó lọ tún un kọ.

Mo ń fojú inú wo màmá kan ní Peckham, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé, níwájú dókítà tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. (Kò sóhun ìyanu ńbẹ̀. Àwọn dókítà wa pọ̀ lọ́hùn-ún.)

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ṣé ẹ ní àtọ̀gbẹ?”

“Mo ní in, ọmọ mi.”

“Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́?”

“Ọjọ́ ti pẹ́.”

“Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀?”

“Wọ́n ní ó wà ńbẹ̀.”

“Àìsàn ọkàn?”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o!”

“Ṣé èémí yín máa ń dá tẹ́ ẹ bá sùn?”

“Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀? Ṣebí mo ti sùn.”

“Ẹ má bínú, mà. Mẹ́ta péré lẹ ní. Ara yín ṣì le jù.”

“Ara ta ló le? Ìgbà mẹ́ta ni mo ń dúró mí kí n tó gun àtẹ̀gùn ilé mi tán. Orúnkún mi méjèèjì ń pariwo.”

“Orúnkún ò sí nínú sílábọ́ọ̀sì, mà.”

Màmá dìde. Kò mọ̀ bóyá kóun máa jó pé ara òun le tàbí kóun máa sunkún pé òun ò ṣàìsàn tó. Ṣé ẹ rí ti èémí tó ń dá yẹn, ẹ jẹ́ ká má tíì fi í sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù máàkì. Ẹni tó ń dá sùn, ta ló fẹ́ jẹ́rìí pé ó ń hanrun? Ọkọ ti kú, ọmọ ti lọ sílé ọkọ. Dókítà gbọ́dọ̀ kọ ìwé kí wọ́n fún un ní ẹ̀rọ tó máa dè mọ́ ìka àti imú sùn, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá àìsàn tó ti ń bá a gbé wà lóòótọ́. Bó ṣe rí nìyẹn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru. Èèyàn lè ti ní mẹ́rin pé lára kó jẹ́ méjì ló mọ̀, nígbà tí kò tẹ̀ é lára débi tó máa lọ yẹ ara wò. Ìdánwò yìí ò ka àìsàn tó wà lára rẹ, èyí tí wọ́n bá kọ sínú fáìlì nìkan ló kà.

Ẹ má rò pé wọn ò ṣàánú wa o. Ṣé ẹ rántí pé nílé, máàkì táwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fi ń gba ọmọ àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ ò tíì rinlẹ̀ máa ń kéré sí tàwọn yòókù? Òyìnbó ṣe é fún wa lọ́hùn-ún. Ọmọ adúláwọ̀ àti ọmọ Karíbíánì, ọmọ Íńdíà àti Ṣáínà àtàwọn ará Éṣíà yòókù, tó fi mọ́ àwọn tó ti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn wá, 37.5 ni wọ́n fi ń wọlé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Bí èèyàn bá ga ní mítà 1.65, tó bá jẹ́ òyìnbó, ó gbọ́dọ̀ wọn nǹkan bí kílò 109. Tó bá jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, 102 ti tó. Ìgbà tí awọ dúdú ṣeni láǹfààní nínú fọ́ọ̀mù òyìnbó ò pọ̀, ẹ jẹ́ kí inú wa dùn fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú kan náà ni, nítorí ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé àtọ̀gbẹ àti àìsàn ọkàn máa ń tètè ki àwa mọ́lẹ̀ nígbà tí ara wa ò tíì tó ti òyìnbó.

Ìjọba fúnra rẹ̀ ò sọ pé gbogbo ẹni tó yẹ ló máa rí i gbà. NICE, àjọ tó ń sọ oògùn tí NHS lè náwó lé lórí, ti sọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 pé ẹni tí BMI rẹ̀ tó 35 tó sì ní àìsàn kan ṣoṣo tó bá sísanra rìn kájú òṣùwọ̀n. Àwọn tó wà nínú agbo yẹn jẹ́ mílíọ̀nù 3.4. Nígbà tí NHS wo àpò rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ọdún méjìlá pín in. Nínú ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, nǹkan bí 220,000 ló máa wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá JAMB ọmọ yín kiri, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé fún yín bí ẹni tó yege ṣe ń jókòó sílé.

Ẹni tí kò bá lè dúró, yunifásítì aládàáni wà. Ìyẹn ni kẹ́míìsì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀, BMI 30 ti tó, tàbí 27 tó o bá ní àìsàn kan mọ́ ọn, kí káàdì báńkì rẹ ṣáà máà kọ̀. Tẹ́lẹ̀, fọ́ọ̀mù lásán lo máa ń kọ níbi púpọ̀. Obìnrin tó ti ń yọ kílò mẹ́wàá nínú ìwọ̀n rẹ̀ láti ìgbà èwe, ọjọ́ yẹn ló fi mẹ́wàá lé e. Màgòmágó náà pọ̀ débi pé ní oṣù Kejì ọdún 2025, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn apòògùn kìlọ̀ pé fọ́ọ̀mù nìkan ò tó mọ́, kẹ́míìsì gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rí mìíràn kó tó ta á.

Owó ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni náà wá gun òkè. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Ààrẹ Trump ròyìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó sanra, tó ń ra oògùn ìsanra kan ní 1,300 dọ́là ní New York, tó sì rí i rà ní 88 dọ́là ní London. Ọ̀rọ̀ náà dun Ààrẹ wọnú egungun. Kò pẹ́, Eli Lilly tó ń ṣe Mounjaro ní kí tàwọn ará Yúróòpù lọ sókè kí tàwọn ará Amẹ́ríkà lè wálẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án, iye tí wọ́n kọ sórí èyí tó lágbára jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò ní pọ́n-ùn 122, ó ti di 330. Ti NHS ò yí padà. Ọ̀rẹ́ Trump ló sanra, àwọn èèyàn Peckham ló gbówó jọ fún un.

Láti ìgbà náà lọgbọ́n ti ń pọ̀. Gègé Mounjaro kan, abẹ́rẹ́ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ti oṣù kan. Nígbà téèyàn bá gún ẹ̀kẹrin tán, ó ṣì máa ń ku díẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn kan á mú síríǹjì wẹ́wẹ́, wọ́n á fà á jáde bí ẹni ń fá ìsàlẹ̀ ìkòkò, wọ́n ní ẹ̀karùn-ún nìyẹn, ti ọ̀fẹ́. Àwọn dókítà ń pariwo pé ó lè kó àrùn báni. Ta ló ń gbọ́? Ẹni tó san 330 ò ní da nǹkan nù.

Ẹ tún wo ìtìjú tó wà ńbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ara ni wọ́n fi ń mọ̀ pé owó ti dé. Ẹni tó bá rù, àánú rẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe. Bí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Ìbàdàn bá pè lórí fídíò, tó rí ọrùn àbúrò rẹ̀ tó ti yọ, ohun àkọ́kọ́ tó máa bèèrè ni pé, “Kí ló dé? Ṣé kò sí?” Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń gún Mounjaro nínú ìjọ. Ààwẹ̀ ni wọ́n gbà. Ìrẹsì ni wọ́n fi sílẹ̀. Omi gbígbóná àti òroǹbó wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń mu láàárọ̀. Nínú fíríìjì, lẹ́yìn ike ẹ̀fọ́ rírò, ibẹ̀ ni gègé náà dùbúlẹ̀ sí, ó ń gbọ́ ẹ̀rí táwọn èèyàn ń jẹ́.

Àbá tó pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ, mínísítà ló mú un wá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Wes Streeting tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà sọ pé abẹ́rẹ́ yìí lè ran àwọn tó sanra tí wọn ò níṣẹ́ lọ́wọ́ láti padà sẹ́nu iṣẹ́, ìjọba àti Eli Lilly sì kéde ìwádìí kan ní Greater Manchester tó máa yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi màmá Peckham hàn yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Agogo mẹ́rin ìdájí ló ń jáde nílé lọ gbá ọ́fíìsì. Lálẹ́, ó ń tọ́jú arúgbó tí ọmọ rẹ̀ ò ráyè, aago méjì òru ló sì ń jẹ oúnjẹ tó yẹ kó jẹ ní ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ ló mú un sanra, mínísítà ní òun fẹ́ mú un rù kó lè rí iṣẹ́ ṣe.

Ní Èkó, a ò ṣèdánwò kankan. Ẹni tó tọ́ sí i ni ẹni tó lówó ẹ̀ lọ́wọ́. Ìyàwó ojú ọ̀nà tó fẹ́ kí léèsì jókòó dáadáa lára òun, ó kájú òṣùwọ̀n. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá jà tó ń gba 70,000 náírà lóṣù, kó lọ máa mu ewúro. Irú ọjà báyìí náà ló ń fa ayédèrú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ nípa ayédèrú Ozempic, ìbátan Mounjaro, tí wọ́n ti gbá mú ní Brazil, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ẹ má gbàgbé pé oògùn àtọ̀gbẹ ni Ozempic láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2023, àwọn tó fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ rà á títí ó fi wọ́n lọ́wọ́ àwọn alátọ̀gbẹ káàkiri ayé.

Ta ló wá tọ́ sí i? Tèmi rèé. Alátọ̀gbẹ tí dókítà rẹ̀ kọ ọ́ fún ló kọ́kọ́ ni ín, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé e fò. Ẹni tó tẹ̀lé e ni ẹni tó ti sanra débi ewu tí àìsàn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sí, bí NICE ṣe sọ ọ́, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lè ra tiẹ̀. Mo mọ̀ pé àpò NHS nísàlẹ̀. Mo mọ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ dá ẹni tó ti fẹ́ kú lóhùn kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹni tó ní àìsàn kan lónìí tí wọ́n ní kó lọ wá mẹ́ta sí i, tó bá padà dé, ìwé abẹ́rẹ́ nìkan kọ́ ló máa gbà. Ọkàn, kíndìnrín àti ojú rẹ̀ ni ìjọba máa sanwó lé lórí.

Kí wọ́n má sì ṣe fi ọdún méjì dín irú abẹ́rẹ́ báyìí kù. Wegovy, ẹ̀gbọ́n Mounjaro, ọdún méjì péré ni NICE fàyè rẹ̀ gbà nígbà tó kọ́kọ́ wọlé. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ rí i pé ẹni tó bá dá a dúró máa ń kó ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n tó ti sọ nù padà láàárín ọdún kan. Sìkọ́láṣíìpù ọdún méjì ni, fún kọ́ọ̀sì tí kò lópin.

Nínú ètò tí NHS kọ sílẹ̀, ọdún kejì ni wọ́n máa gba ẹni tí BMI rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 35, ṣùgbọ́n àìsàn mẹ́rin yẹn náà ni wọ́n ṣì ń bèèrè. Ó di ẹ̀yìn wọn kí ẹni tó ní mẹ́ta tó lè wọlé, kí BMI rẹ̀ sì tó 40. Kó tó dìgbà náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ ti lé ní ẹni ogójì ọdún, ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì yín.