Àrọ̀ Kò Bèèrè Iná

Ẹni tó bá ń wá iná ìpẹja lọ́jà Bantè tàbí Savalou, kó yáa múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Òǹtajà ò ní bi í bóyá odò Agbado ló ń lọ tàbí Ouémé. Á kàn tan tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń so mọ́rí sí i lójú lọ́sàn-án gangan: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ó mọ́lẹ̀ ju òṣùpá lọ!" Ṣé ojú ẹ̀gbọ́n lẹja fi ń ríran ni?

Iná kì í dédé pe ẹja ńlá. Àwọn ohun tín-tìn-tín inú omi ló ń kọ́kọ́ rọ́ síbi ìmọ́lẹ̀; ẹja kékeré á wá jẹ wọ́n, ẹja ńlá á sì wá jẹ ẹja kékeré. Ẹ̀fọn ní tirẹ̀ kì í dúró dé ìpè. Ní ti àwọ̀, omi tètè ń gbé iná pupa mì, aláwọ̀ ewé máa ń wọlé jìnnà díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí òjò bá da odò rú, àtùpà olówó ńlá àti fìtílà ìyá àgbà di ẹgbẹ́.

Àrọ̀ tí gbogbo wa tìtorí ẹ̀ ń ṣe wàhálà yìí ńkọ́? Irùngbọ̀n ló fi ń wá oúnjẹ lóru. Bátìrì yín ò kàn án.

Ní Gánà, apẹja òkun tilẹ̀ ń gbé jẹnẹrétọ̀ àti gílóòbù wọ ọkọ̀ láti fi iná kó ẹja jọ, títí òfin ọdún 2010 fi kà á léèwọ̀. Tiwa ò tí ì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ra tọ́ọ̀ṣì tí omi ò lè wọ inú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi owó tó kù ra ìwọ̀.