Kútọnù Kì í Ṣe Òkè Òkun

Mo kí gbogbo òbí Ìkirè àti Àpòmù tó ti pinnu pé, ní ìsinmi gígùn tó ń bọ̀, àwọn á mú ọmọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n lọ wo ìlú òyìnbó. Ẹ kú ìnáwó o, ẹ kú wàhálà. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ òótọ́ fún ara wa: ìmúra yẹn gan-an ni ìrìn-àjò náà. Bí ẹ bá wá rí London lẹ́yìn rẹ̀, ènì ni.

Ìmúra ọ̀hún kì í bẹ̀rẹ̀ bí kò bá sí ìpàdé ẹbí. Bàbá á wà níbẹ̀, ìyá á wà níbẹ̀, àbúrò bàbá tó gbé Peckham fún oṣù díẹ̀ láyé Ọbásanjọ́ á jókòó bí ọ̀jọ̀gbọ́n, aládùúgbò kan tí ẹnikẹ́ni ò pè á sì fara ti ilẹ̀kùn. Ọmọ tí wọ́n ń torí ẹ̀ ṣèpàdé nìkan ni kò ní sí níbẹ̀. Wọ́n ti rán an lọ ra mínírà. Kí ó tó dé, wọ́n ti pín ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀ tán: ọjọ́ mẹ́ta fún kíkí àwọn ẹbí ìyá ní Woolwich, ọjọ́ méjì fún ẹ̀gbọ́n pásítọ̀, ọjọ́ kan fún fọ́tò lábẹ́ Big Ben, ìyókù fún ọjà rírà.

Bí ọmọ bá ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí pápá Arsenal,” èsì ti wà nílẹ̀: “Ṣé Arsenal ló máa bá ẹ kọ WAEC?” Bí ó bá ní òun kàn fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kí òun sọ̀ kalẹ̀ níbi tó bá wu òun, kí òun jókòó síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ òun, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tí àdúrà tọ́ sí. Ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà.

Àfi tó bá di ọ̀rọ̀ owó. Níbẹ̀, ọmọ náà ti dàgbà kí bàbá rẹ̀ tó gbọ́. Físà àbẹ̀wò oṣù mẹ́fà ti Ìlú Ọba, tí wọ́n gbé láti £115 lọ sí £127 ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, iye kan náà ni fún bàbá àti fún ọmọ jòjòló. Àwọn ará Yúróòpù tó ń lo físà Schengen ṣàánú díẹ̀: láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, €90 ni àgbàlagbà ń san, €45 ni ti ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá. Ọjọ́ tí ọmọ bá pé méjìlá, àánú tán. Ọkọ̀ òfuurufú náà ò mọ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ́mọdé. Owó àgbà ni wọ́n ń gbà lórí ìjókòó rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó ń jẹ lára ìrìn-àjò yìí, bàbá rẹ̀ nìkan ló ṣì ń pè é ní ọmọdé.

Kí ẹ tiẹ̀ tó débẹ̀, ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ń dúró dè yín. Olójú-ewé 32, ti ọdún márùn-ún, ₦35,000 ni títí di òpin oṣù Kẹjọ ọdún 2024. Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, ó di ₦50,000. Ọdún kan yípo, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ó di ₦100,000. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ là sílẹ̀ ní 2024 sì rèé, ₦70,000. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn, bí kò bá jẹun, tí kò wọkọ̀, tí kò sì ṣàìsàn, á ṣiṣẹ́ bí oṣù mẹ́ta kí òun àti ọmọ rẹ̀ tó ní ìwé tí àwọn òyìnbó máa yẹ̀ wò kí wọ́n tó sọ fún wọn pé kí wọ́n má wá.

Ibi tí eré ti dùn jù ni ìwé báǹkì. Àpò owó tí ẹnikẹ́ni ò rántí láti ọdún tó kọjá á ṣàdédé wú. Owó àjẹṣẹ́kù ẹgbẹ́ á wọlé, owó kòkó àna bàbá á wọlé, owó tí wọ́n fẹ́ fi kan òrùlé á yà wá sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àlejò ni gbogbo wọn, wọ́n sì ti mọ ọjọ́ tí wọ́n ń padà sílé. Ẹni tó ń ka ìwé náà ní ẹ́ḿbásì ti rí irú wọn rí. Bí owó ṣe wọlé ló ń wò, kì í ṣe iye tó jókòó. Lẹ́tà tó máa kọ á mọ́ tónítóní, á ní ọ̀wọ̀, á sì sọ pé kò dá òun lójú pé bàbá yìí máa padà wálé. Owó físà ò ní padà. Owó kòkó àna á padà lọ́jọ́ kejì.

Ìtìjú ibẹ̀ sì ju owó lọ, torí gbogbo ọjà ti bá wọn yọ̀ sílẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ ti fún wọn ní ìwọ̀n bàtà.

Irú àsìkò yìí ni mo máa ń dá a lábàá pé, ẹ ò ṣe mú ọmọ lọ sí Kútọnù? Ẹ gbọ́ ẹ̀rín. “Kútọnù? Ibi tí wọ́n ti ń ra mọ́tò tòkúnbọ̀?” Orílẹ̀-èdè Benin, aládùúgbò wa, ni Kútọnù wà. Nítorí àdéhùn tí àwọn ìjọba ECOWAS fọwọ́ sí ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, ọmọ Nàìjíríà lè wọ Benin fún ọjọ́ 90 láìgba físà, ìwé ìrìnnà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ àti káàdì àjẹsára ni wọ́n ní kó mú dání. Ohun tó bà á jẹ́ gan-an nìyẹn. Lójú wa, òkè òkun kì í ṣe ibi tó jìnnà, ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ le ni. Bí wọn ò bá tẹ ọ́ ní ìka, tí wọn ò bi ọ́ léèrè iye tí ò ń gbà lóṣù, tí wọn ò wò ọ́ bí ẹni tó fẹ́ sá lọ, kí lo fẹ́ lọ jẹ́rìí sí nílé ìjọsìn? Ta ló máa ń ṣọpẹ́ pé Ọlọ́run bá òun ṣí ilẹ̀kùn tí kò tì?

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì tí Benin ṣẹ̀ ni pé wọ́n ń gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, tó sì jẹ́ olú-ìlú Benin, o lè ra ẹ̀kọ, kí o dúnàádúrà, kí o sì bínú, gbogbo rẹ̀ lédè ìyá rẹ. Ìdí ni pé ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó, wọ́n fa ìlà, àwọn ìlú Yorùbá bíi Kétu àti Sábẹ̀ bọ́ sí ọ̀hún, àwa bọ́ síbí. Ìlú tí ìyá ẹlẹ́kọ ti máa kí ọmọ yín pé ẹ káàárọ̀, báwo lẹ ṣe máa padà wá fi ṣe fáàrí ní Ìkirè?

Ẹ sì wo ohun tí wọ́n fẹ́ lọ wò ní London. Wọ́n á lọ sí British Museum, torí ọ̀fẹ́ ni. Bàbá á mú ọmọ dúró síwájú orí idẹ Ifẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, á ní, “Wò ó dáadáa, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa.” Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó bá ti Ìbàdàn kọjá ní Ìkirè, Ifẹ̀ ló ń lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni, ọmọ náà ò wọ̀ ọ́ rí. Heathrow ló fẹ́ gbà dé Ifẹ̀.

Ti Paris tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun ìṣúra 26 láti ààfin Abomey ní Benin, ìtẹ́ ọba wà lára wọn, ni ọmọ ogun Faransé kó lọ ní 1892. Oṣù Kọkànlá ọdún 2021 ni wọ́n tó dá wọn padà fún Benin. Ìtẹ́ ọba ti fi Paris sílẹ̀ wá sí Kútọnù, àwa ń tò lórí ìlà pé wọn ò tíì jẹ́ ká lọ sí Paris.

Bó bá sì jẹ́ ti òkè òkun ni, Àpòmù ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun. Ọjà Àpòmù ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé kí ogun Òwu tó bẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tó jáde ní 1921, pé wọ́n ń jí àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ gbé lọ́jà náà, wọ́n ń tà wọ́n, ọ̀rọ̀ yẹn sì wà lára ohun tó dá ogun sílẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n tà láyé àwọn ogun wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ ló gba etí òkun Ouidah àti Èkó dé Bahia ní Brazil. Kò sẹ́ni tó béèrè ìwé báǹkì lọ́wọ́ wọn. Kò sì sẹ́ni tó ń bẹ̀rù pé wọn ò ní padà sílé.

Àwọn kan padà ṣá. Ní oṣù Kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, gbé ogun dìde ní Salvador, ní Bahia. Ìjọba ibẹ̀ ṣẹ́gun wọn, ó lé àwọn kan jáde; àwọn mìíràn ra ara wọn padà, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi bọ̀ ní Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Àwọn là ń pè ní Àgùdà. Ìran wọn ló kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ojú rẹ̀ sì jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia gẹ́lẹ́, nítorí irú ilé tí àwọn baba wọn kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ lóko ẹrú nìyẹn. Ẹ mú ọmọ Àpòmù dúró síwájú ilé yẹn, kí ẹ sọ ìtàn yìí fún un, kí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀. Big Ben ò ní nǹkan kan láti bá a sọ tó tó bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ fọ́tò ni ẹ̀ ń wá, ère obìnrin ológun Dahomey, ìjọba Abomey àtijọ́, wà ní Kútọnù, mítà 30 ní gíga, tí wọ́n ṣíṣọ lójú rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2022. (Kí ọmọ Ẹ̀gbá tó bá wà nínú ẹbí má gbàgbé láti sọ ẹni tó lé àwọn ọmọ ogun Dahomey padà ní Abẹ́òkúta ní 1851.) Ganvié tún wà, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí omi adágún Nokoué, níbi tí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀kadà. Ọ̀kadà gangan, tí wọ́n ń pè ní zémidjan, kún ìgboro. Ìgboro náà sì ni ọmọ á ti di ọ̀gá, torí Faransé díẹ̀díẹ̀ tó kọ́ nílé ìwé, tí bàbá ń pè ní àfiṣòfò, ni wọ́n máa fi béèrè ọ̀nà. Bàbá tí kò gba ìmọ̀ràn ọmọ lórí London á máa tẹ̀ lé e kiri bí ẹrù.

Ẹ má rò pé mo ń ta Benin fún yín. Ọ̀nà Badagry lè gbé ọjọ́ mì. Sèmè, ẹnu ibodè wa pẹ̀lú Benin, ní àwọn ẹ̀ka tí kò sí nínú ìwé òfin, wọ́n sì ní owó tí kò ní rìsíìtì. Ìjọba tiwa náà ti ẹnu ibodè láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 di oṣù Kejìlá ọdún 2020, kí ìrẹsì má bàa wọlé, bí ẹni pé ìrẹsì nìkan ló mọ ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n á ti sọ fún ọmọ yín lójú ọ̀nà pé àwọn ò gbà pé bàbá rẹ̀ máa padà.

Nítorí náà, dòdò Ìkirè tí ẹ fẹ́ dì fún àwọn ará Woolwich, ẹ gbé e lọ fún àwọn ará Àjàṣẹ́, wọ́n mọ ohun tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ́. Kí ìsinmi tó dé, ẹ lọ gba ìwé ìrìnnà àti káàdì àjẹsára fún ọmọ náà, kí ìyá tí kò bá lọ sì kọ lẹ́tà pé òun fọwọ́ sí i. Ní Sèmè pẹ̀lú, ẹni tí ìwé rẹ̀ ò pé ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè sí kọ̀rọ̀.