Áítíì Báńkì, A-ka-mílíọ̀nù-mu-gàrí

Áítíì o! Áítíì Báńkì!
Ọmọ ITF, ọmọ a-ṣiṣẹ́-má-gbowó.
A-so-táì-mọ́-ọmọ-lọ́rùn-má-fún-un-lówó-ọkọ̀.
A-ka-mílíọ̀nù-mu-gàrí.
Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń ṣiṣẹ́ aláàárù.
AC ń fẹ́ sí i lára, ebi ń pa á nínú.
Ọba tí í gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láàárọ̀,
tí í dá a padà lálẹ́ tòun ti òórùn fọ́tòkọ́pì.
Jókòó dáadáa lórí àga rẹ tó ń yí, kí n kì ọ́ dé gbòǹgbò.

Àgbà ni ọ́ o. Àwọn tó rò pé àná ni wọ́n bí ọ kò mọ ìtàn. Ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ITF sílẹ̀. Ọdún 1973 ni ITF bí ọ, tí wọ́n sọ ọ́ ní SIWES, ètò tí í rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́. Orúkọ inú ìwé nìyẹn. Áítíì ni àwa tí a jẹ ìyà rẹ ń pè ọ́. Nígbà tí àwọn àlejò FESTAC dé ní January 1977, tí ìjọba kó wọn wọ ilé tuntun tó kọ́ dè wọ́n lẹ́bàá ọ̀nà Badagry, ìwọ ti ń sáré kiri inú ilé. Ìwọ lẹ̀gbọ́n, Festac làbúrò. Wọ́n ní kí aláwọ̀ dúdú gbogbo àgbáyé wá fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn yangàn: orin wà, ijó wà, ère wà. Ìwọ náà kò gbẹ́yìn. O mú ọmọ yunifásítì, o ní kó wá fi iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ yangàn nídìí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì.

Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ nígbà tí mo wá sí ààfin rẹ ní Festac. Mo gbé lẹ́tà ilé ìwé láti First Gate dé Mazamaza, mo gbé e dé Mile 2; ẹnu ọ̀nà tí mo bá kàn ni wọ́n ti ń sọ pé àyè ti kún. Bàbá mi ló wá rántí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni náà ní àna, àna náà mọ mánéjà. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni àyè ṣí. Ọba a-kún-má-kún, tí í wo ojú ẹni tó mú ni wá, tí kì í wo ìwé tí a mú dání! Báńkì tí o fi mí wọ̀, n kò ní í dárúkọ rẹ̀. Ilé ńlá ni, àgbà ogun sì ni. Nígbà tí Soludo, ọ̀gá CBN, báńkì àpapọ̀, nígbà náà, ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan lọ wá ₦25 bílíọ̀nù kí ọdún 2005 tó parí, báńkì 89 ló wọ ìjà, 25 ló jáde, tiwa sì wà nínú àwọn tó jáde. Ẹni tó ru ₦25 bílíọ̀nù tí ọrùn kò wọ̀ ọ́, owó kẹ̀kẹ́ Márúwá mi láti Seventh Avenue ni kò lè gbé.

Wákàtí àkọ́kọ́ ni o ti gba orúkọ tí bàbá mi sọ mí. "Áítíì, mú bébà wá." "Áítíì, lọ wo ATM, wọ́n ní ó ti gbé káàdì mì." "Áítíì, ṣé o ti jẹun?" Mo ní rárá, mà. "Ó dáa, bá mi ra ìrẹsì àti dòdò bọ̀, má jẹ́ kí wọ́n fi ọbẹ̀ ṣahun." Àwa mẹ́ta ni a ń jẹ́ orúkọ kan náà, bí wọ́n bá pè, gbogbo wa la ó dìde.

A-pe-ẹyọ-kan-dìde-mẹ́ta, kí n má gbàgbé ilẹ̀kùn rẹ, ilẹ̀kùn ìgò tí í gba ènìyàn níkọ̀ọ̀kan, tí í gbé oníbàárà mì kó tó bì í sínú báńkì. Bó bá gbóòórùn irin, ó há nìyẹn. Ìyá àgbà kan há sínú rẹ̀ tòun ti báàgì: fóònù wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, agolo tòmátì tí wọ́n rà ní ọjà Agboju wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ń fi ohùn obìnrin tó tòrò sọ fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n padà sẹ́yìn. Màmá náà ń dá a lóhùn: "Ṣé èmi ni mo ti ara mi mọ́bí ni?" Iṣẹ́ tèmi, èmi ọmọ kọ̀ǹpútà, ni kí n dúró lódìkejì ìgò, kí n máa fi ọwọ́ ṣàpèjúwe: Màámi, ẹ yọ agolo. Ẹ yọ agolo, Màámi. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, wọ́n gbàdúrà fún mi pé màá di mánéjà. Mo ṣe àmín kíkankíkan.

A-ka-mílíọ̀nù-mu-gàrí, mo tún júbà. Àwọn ọlọ́jà Trade Fair á gbé owó dé nínú àpò Ghana-Must-Go, owó táyà, owó bátìrì, owó ẹ̀ńjìnnì. Wọ́n á ní kí n bá tẹ́là ṣa èyí tó ti ya kúrò lára èyí tó ṣì dára. Kò pẹ́ tí mo fi ń fi imú mọ owó: èyí tó ti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja wá, èyí tó ti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì wá, èyí tí obìnrin fi há àyà láti àárọ̀ nínú oòrùn. Ẹ̀rọ á kà á ṣííí, á dákẹ́ lórí ọgọ́rùn-ún, màá fi rọ́bà dì í. Bí aago kan bá lù, màá gba ẹ̀yìn ilé lọ, màá po gàrí pẹ̀lú ṣúgà nínú ife tí báńkì kọ ọ̀rọ̀ ìwúrí sí lára. Ife náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nínú gbogbo ohun tí mo mú jáde lọ́dọ̀ rẹ, òun ni mò ń lò jù.

Tágẹ́ẹ̀tì wá dé. Wọ́n ní kí olúkúlùkù ọmọ Áítíì lọ mú akáǹtì tuntun wá. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ìyá mi ṣí ọ̀kan, àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣí, àǹtí tó ń dín àkàrà níwájú ilé wa ṣí, wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì ṣí. Akáǹtì wá pọ̀ ju owó lọ. Nígbà tí ẹbí tán, wọ́n kó wa lọ sí ASPAMDA nínú Trade Fair, láàárín àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ọ̀gá kan tó jókòó ti ẹ̀ńjìnnì bọ́ọ̀sì gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi, ó kà á síwájú, ó kà á sẹ́yìn, ó ní: "Mo rí ibi tí màá kọ owó tí mo fẹ́ kó wá. Ibo ni màá kọ èyí tí mo fẹ́ yá sí?" Mo wo ẹni tó kó wa wá. Ẹni tó kó wa wá ń wo fóònù.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni mo tó rí ọ nínú ẹ̀wù ogun. CBN ti ní kí gbogbo ayé kó ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ wọlé, kí wọ́n gba tuntun. 31 January ni gbèdéke, wọ́n tún sún un sí 10 February. Àtijọ́ wọlé, tuntun kò jáde. Láti ìdájí ni èrò ti ń tò síwájú ATM. Bàbá gbé àga wá láti ilé, ìyá pọn ọmọ, ẹlòmíràn fi òkúta rọ́pò ara rẹ̀ lórí ìlà kó lè lọ tọ̀. Owó wọn ni wọ́n wá gbà o, wọn kò wá tọrọ. Ta wá ni báńkì rán jáde kó lọ sọ fún wọn pé owó ti tán? Mánéjà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, síkọ́ríìtì ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Èmi ni wọ́n fún ní bébà kan àti sẹ́lótéèpù pé kí n lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ. Èpè tí mo gbà lọ́jọ́ yẹn, ti àwọn ará Àbújá ni, mo kàn bá wọn gbà á ni.

Ọba a-fi-ọmọ-ọlọ́mọ-ṣe-asà!
O rí ogun, o na ọmọ Áítíì síwájú.
Ogun lọ tán, o pe ìpàdé, o ò pe ọmọ Áítíì.

Ní òdìkejì títì, lábẹ́ agboòrùn, ìyá oní-POS kan jókòó ti tábìlì kékeré. Àwọn ní owó. Wọ́n ń gbówó lé owó lóòótọ́, ẹni tó fẹ́ gba ₦5,000 á san lé e títí ojú rẹ̀ á fi wálẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní. Wọ́n mọ ìgbà tí ilé epo máa ń tú owó jọ. Wọ́n mọ alátà tó ń wá ẹni tí yóò gba owó tó pa lọ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú nítorí olè. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n lè yá lówó láìgba ìwé, àti ẹni tí wọn kò gbọdọ̀ yá bó tilẹ̀ gbé Bíbélì dání. Lọ́jọ́ kan tí èrò dín, mo sọdá lọ bá wọn, mo dọ̀bálẹ̀ ìdajì nítorí táì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ibo lẹ ti ń rí i?" Wọ́n wò mí láti orí dé táì. "Ọmọ báńkì," wọ́n ní, "ṣé ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ní kí o ti wá kọ́ṣẹ́ ni?" Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi máa sọ ní 3 March pé kí a ṣì máa ná àtijọ́ títí di òpin ọdún, wọ́n ti ra agboòrùn kejì.

Kí a wá kí Lógbúùkù, akọ̀wé ààfin rẹ, òpùrọ́ onínú mímọ́. Ojoojúmọ́ la gbọ́dọ̀ kọ ohun tí a ṣe sínú rẹ̀. Ọjọ́ Ajé tí mo ṣe fọ́tòkọ́pì káàdì ìdìbò, mo kọ ọ́ pé mo kópa nínú àyẹ̀wò ìdánimọ̀ oníbàárà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo ki okùn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé padà sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ṣàtúnṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọjọ́rú tí mo lọ ra ìrẹsì, mo bá ẹ̀ka ìpèsè ṣiṣẹ́. Ọjọ́bọ̀, NEPA mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, gbogbo wa jókòó sínú ooru: mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmúrasílẹ̀ fún àjálù. Ọ̀gá buwọ́ lù ú láìwò. Ẹni tí ilé ìwé rán wá bẹ̀ mí wò béèrè bóyá omi tútù wà, ó mu ún, òun náà buwọ́ lù ú. Mo sì gba A.

Ti owó ńkọ́? Nígbà tiwa, ITF ní ₦15,000 fún oṣù mẹ́fà, ìyẹn ₦2,500 lóṣù. A kọ Form 8 tí a fi ń gba owó náà, a tẹ òǹtẹ̀ lù ú, a fi ránṣẹ́. Ó ń bọ̀. Àwọn tó ṣe é ṣáájú wa náà ní ó ń bọ̀.

Mo gbọ́ pé o ní ìbátan lókè òkun, ní New York àti London, tó ń sanwó gidi fún ọmọ, tó sì ń gba oorun ojú rẹ̀ dípò. Ní 2015, Goldman Sachs ní láti pàṣẹ pé àwọn ọmọ Áítíì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò gbọdọ̀ sí ní ọ́fíìsì láàárín aago 12 òru sí aago 7 àárọ̀. Ìwọ ti Festac, ta ló lè fi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ dí ọ lọ́wọ́? Báńkì á ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́rin, àwa á ṣì jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú, nítorí mánéjà kò tíì lọ ilé. Ìyẹn lọ́hùn-ún ń ṣiṣẹ́ mọ́jú láti gbowó. Ìwọ ń fi ọwọ́ lẹ́rán dalẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló mọṣẹ́ jù?

Mo kì ọ́ tó. Ẹni tí a bá kì a máa lẹ owó mọ́ni níwájú orí, ṣùgbọ́n n kò ní í béèrè, kí o má baà ní kí n kọ́kọ́ mú akáǹtì wá. Ìwé ẹ̀rí tí o fún mi sọ pé mo ń tètè dé, mo sì ní ìwà. O ṣi orúkọ mi kọ, kò burú. Ohun tí mo bá wá gan-an ni pé àbúrò mi obìnrin ti wọ ọdún kẹta ní ilé ìwé. Ìṣirò owó ló ń kọ́, orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ, lẹ́tà rẹ̀ nìyí lọ́wọ́ mi. Àna ọjọ́sí tó mọ mánéjà ti kó lọ sí Kánádà. Kábíyèsí, ta ni kí n rí?