Ta Ló Ń Se Kí Ni?

Ẹ súnmọ́ mi dáadáa, kí ará iwájú má baà gbọ́. Nínú fèésì-mi-àì-fèésì-yú wa ní Muṣin níbí, kò sí obìnrin tí ìkòkò rẹ̀ ní àṣírí. Ojú kọ̀rídọ̀ ni gbogbo wa ń gbé sítóófù sí. Bí Ìyá Ìbejì bá ń din ẹja, mo ti mọ iye ègé tó wà níbẹ̀ kó tó yí i padà. Bó bá jẹ́ pọ̀nmọ́ ló rà, tó wá dé ìkòkò gbàgbà bí ẹni tó ń se ẹran ìgbẹ́, mo mọ ìyẹn náà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni o. Àfi Ìyá Rísì, òun náà sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá wo ìyàwó onílé lókè. Kíṣìnnì tirẹ̀ ní ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ní kọ́kọ́rọ́. Gààrí ni yóò mu tán, yóò nu ẹnu, yóò jáde sí bàkónì, yóò máa ta eyín! Ta ni yóò já a? Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n bá wọn pọn omi ni mo wọbẹ̀. Kíṣìnnì yẹn tóbi ju yàrá témi àtàwọn ọmọ mi ń sùn lọ.

Ibo ni mo bọ́rọ̀ dé? Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àǹtí kan tí a ń pè ní Àǹtí Báńkì.

Àǹtí yìí lówó ju ọkọ gbogbo wa lọ. Òun náà fẹ́ kíṣìnnì onílẹ̀kùn tirẹ̀, ló bá ń wá fúláàtì ní Súrùlérè. Lánlọ́ọ̀dù kan ní, "Ọkọ yín ńkọ́?" Òmíràn ní òun kì í gba obìnrin tó ń dá gbé, wọ́n á máa kó ọkùnrin wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀, ló wá fọwọ́ sí àgírímẹ́ǹtì. Orúkọ ẹni tí kò san kọ́bọ̀ ló wà lórí rìsíìtì!

Owó ọdún méjì ni wọ́n sì gbà. Bẹ́ẹ̀, òfin ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní onílé ò gbọdọ̀ gbà ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin yẹn ò kan Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà ṣá. Ti àwọn ìyáàfin ibẹ̀ yàtọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ wọn gan-an ní bọ́ìsì kọ́tà tirẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nílé, bí obìnrin bá kówó wá, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ sí rìsíìtì. Ẹ má sì ní èmi ni mo sọ ti pọ̀nmọ́ yẹn o.