Púùlù Tí Mo Fi Ẹnu Gbẹ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ìyàwó mi tó bá mi sọ ọ́. Wọ́n ní wọn yóò fẹ ọ̀nà, wọn yóò sì sanwó fún onílé tó bá kàn. Nígbà táwọn ọmọ méjì gbé tápù wọ àgbàlá mi, láàárín Aramọkọ sí Ìjerò, n ò béèrè ohun tí wọ́n bá wá. Mo gbé máàtì fún wọn.

"Yàrá mélòó ni, Bàbá?"

"Mẹ́jọ." Mẹ́rin ni. Ilé adìẹ, mo pè é ní bọ́ìskọ́tà. Nígbà tá a dé ìdí kòtò ẹja tí mo fi tapólì bò, ahọ́n mi yọ̀: "Súwímìnpúùlù nìyẹn."

Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀.

Ìwé ìjọba ìbílẹ̀ dé lẹ́yìn náà: owó orí ilé! Wọn kì í béèrè iye tẹ́ ẹ fi kọ́lé o. Iye tí ilé náà ìbá pa lọ́dún ká ní ẹ fi háyà ni wọ́n ń wò. Wọ́n á yọ owó àtúnṣe, wọ́n á gba ìdá kan nínú ìyókù. Irọ́ kọ̀ọ̀kan tí mo pa ti di ayálégbé tí kì í sanwó. Ọjọ́ tí wọ́n fún èèyàn láti fi jiyàn wà lẹ́yìn ìwé náà, lẹ́tà rẹ̀ rí bí èèrà. Mo ti fi tèmi dé gàrí.

Bí mo ṣe sáré lọ jẹ́wọ́ ní ọ́fíìsì wọn nìyẹn. Akọ̀wé, ọmọ tí mo lè bí, kà á sókè lójú èrò: "Súwímìnpúùlù, ẹyọ kan."

Ẹnì kan dáhùn látẹ̀yìn: "Bàbá, à ń bọ̀ wá wẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú o."

Mo ní kí ilẹ̀ lanu, ilẹ̀ kọ̀. Mo bá tún fọgbọ́n sí i: l'Ékòó, òfin Land Use Charge, owó orí ilé tiwọn, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tó ń gbé ilé ara rẹ̀; èmi náà ti fẹ̀yìn tì.

"Bàbá, Èkó kọ́ lẹ wà."

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú bí mi. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 tó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ díye lé ilé, àtẹ kan náà ló gbé ọ̀nà, gọ́tà àti ìdọ̀tí kíkó lé wọn lọ́wọ́. Èmi ni mò ń kó gọ́tà iwájú ilé mi, ṣọ́bìrì mi, ẹ̀yìn mi. Ta ni yóò wá wọn ìyẹn?

Wọ́n padà wá wò ó. Èmi fúnra mi ni mo ṣí tapólì. Ọ̀pọ̀lọ́ kan fò jáde, ó bà lé bàtà akọ̀wé. Ìyàwó mi, ọmọ Ẹ̀fọ̀n, fara ti ògiri: "Ẹ kọ òun náà sílẹ̀, ayálégbé wa ni."

Wọ́n fagi lé púùlù, wọ́n fagi lé yàrá mẹ́rin. Bọ́ìskọ́tà ni wọn ò fọwọ́ kàn: ibẹ̀ ni ọmọ àbúrò mi ti jáde, tó ń nujú oorun.