Oògùn Gbogbo Alángbá

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tínú ń run. Ìkìlọ̀ ni wọ́n fi ṣe: ẹni tó bá fẹ́ wo alángbá sàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn. Ayé òde òní rí i pé wàhálà nìyẹn, wọ́n bá ṣe oògùn kan ṣoṣo fún gbogbo alángbá, tó fi mọ́ èyí tó kàn ń yá oòrùn jẹ́jẹ́. Nawọ́ sí igo epo habatu-sauda, epo hóró dúdú, ní Ladjifarani ní ìlú Parakou, wàá gbọ́ pé ó ń wo irorẹ́, ó ń pa làpálàpá, ó ń nu àpá, ó ń mú awọ mọ́, ó sì ń hu irun. Ẹni tí ohunkóhun kò ṣe pàápàá ní láti rà á, nítorí àìsàn ọ̀la.

Kí a má purọ́ mọ́ hóró náà, nǹkan gidi wà nínú rẹ̀. Nigella sativa ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, èròjà tí wọ́n sì gbójú lé jù nínú epo rẹ̀ ni thymoquinone, tó ń dín wíwú kù nínú àyẹ̀wò. Ìwádìí kan láti Ìráànì tó jáde ní 2013 kó 60 ènìyàn tí ékísímà ń bá ọwọ́ wọn jà jọ, ó sì pín wọn sọ́nà mẹ́ta: àwọn kan fi ìpara hóró dúdú ra ọwọ́, àwọn kan lo betamethasone, àwọn tó kù lo ìpara lásán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìpara hóró dúdú ṣe dáadáa tó betamethasone. Ẹni tó ń tajà lè jó dé ibí yìí. Ṣùgbọ́n ní Jámánì, ní 2002, wọ́n ti fi ìpara tí epo yìí jẹ́ ìdá 15 nínú 100 rẹ̀ dán ènìyàn 20 wò, àwọn tó ní irú ékísímà tó sábà máa ń ti ìdílé wá. Kò sàn ju ìpara tí kò ní epo náà nínú lọ. Àìsàn méjì tó jọra lójú ni, epo kan náà ni, èsì ò jọra. Ẹ ò rí i pé alángbá tínú ń run ṣì ṣe pàtàkì?

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti àwọn tó ń ra epo náà torí kí ara wọn lè pupa. Ní 2014, àwọn oníṣègùn Ìráànì fún ènìyàn 52 tí awọ wọn ń ṣí funfun bàlàbàlà ní epo hóró dúdú tàbí epo ẹja láti fi para fún oṣù mẹ́fà, láti mọ èyí tí yóò dá àwọ̀ wọn padà. Epo hóró dúdú ló borí. Ohun tí onímọ̀ ń dán wò bóyá ó lè sọ ara di dúdú ni ẹni tó ń bóra ń rà torí kó lè bó. Ọ̀kan nínú wọn ń fowó ṣòfò.

Ẹnìkan á fìbínú bi mí pé ṣé hádíìsì, ọ̀rọ̀ Ànábì, ni mo fẹ́ jà níyàn. Rárá o, ẹni tó ń ta igo ni mò ń bá jiyàn. Òótọ́ ni, ó wà nínú àkójọ hádíìsì Bukhari pé ìwòsàn gbogbo àrùn wà nínú hóró dúdú, àfi ikú. Ṣùgbọ́n ẹ ka hádíìsì náà dáadáa. Ibn Abi Atiq tó wá kí aláìsàn kò kàn gbé igo lé e lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n mú hóró márùn-ún tàbí méje, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n fi òróró kán an sí ihò imú. Ó mọ aláìsàn, ó ka hóró, ó mọ ibi tí yóò gbà. Al-Khattabi, àgbà àáfà tó ti kú láti bí 1,000 ọdún sẹ́yìn, ti ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ náà gbòòrò létí lásán ni, àwọn àrùn kan pàtó ló ń tọ́ka sí.

Wọ́n á tún ní ohun tí Ọlọ́run dá kì í pani lára. Ọlọ́run náà ló dá ata. Ẹ fi kun ojú. Láti 1997 ni àwọn oníṣègùn awọ ti ń kọ ìròyìn nípa àwọn tí ara wọn kọ epo yìí, tí awọ wọn pọ́n tó sì ń yún. Ní Faransé, ara àwọn mìíràn lé ròrò. Wọn kò pọ̀, mo gbà.

Ewu tó tóbi jù kò sí nínú igo, inú ọjọ́ tó ń lọ ló wà. Kókó tí kò dunni lábẹ́ awọ lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ egbò Buruli, èyí tí wọ́n ń tọ́jú ní ìlú Pobè pẹ̀lú oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bí a bá pẹ́ jù, ó lè di iṣẹ́ abẹ. Bí ojú awọ rẹ kan bá ṣí, tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, ó lè jẹ́ ẹ̀tẹ̀. Gbé epo sílẹ̀, lọ sí ilé ìwòsàn. Láti 1995 ni oògùn ẹ̀tẹ̀ ti jẹ́ ọ̀fẹ́ fún aláìsàn ní gbogbo ayé.