Alága, Ọkọ̀ Yín Gbọ́n Jù Yín Lọ

Alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ń bínú. Kúrúùsì kọ̀ǹtírólù inú Camry tòkunbọ̀ wọn, ẹ̀rọ tó ń mú ọkọ̀ sá ní eré kan náà láìjẹ́ pé èèyàn ń fẹsẹ̀ tẹná, kò ṣiṣẹ́ mọ́, gbogbo wa ni a sì ń gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ gọ́tà wà nílẹ̀ ní ìpàdé, kúrúùsì ni Alága ń sọ. "Ohun tí mo fi ń gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ láti Berger dé Ìbàdàn!"

Ẹ jọ̀ọ́ sà, Berger sí Ìbàdàn wo? Mo bá wọn lọ nígbà kan. Ní Ọ̀tẹ̀dọlá, nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ, Alága ń tẹ bọ́tìnnì kúrúùsì lára stẹ́ẹ̀rìn bí àlejò tí ń tẹ aago ilẹ̀kùn ilé onígbèsè. Irú kúrúùsì bẹ́ẹ̀ kì í sì í gbà tí ọkọ̀ kò bá tíì sá tó nǹkan bí 40 kìlómítà ní wákàtí. Ọmọ tó ń ta gálà fẹsẹ̀ rìn kọjá wa, ó tún dúró dè wá kí á lè ná ọjà.

Nígbà tí ọ̀nà là lẹ́yìn Ìbàfò, kúrúùsì kò gbà síbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí téèpù dúdú kan lórí dáṣíbọọ̀dù, etí rẹ̀ ti ká sókè, eruku ti mú un.

"Alága, kí lẹ fi èyí bò?"

"Iná kékeré kan ni. Ó ń tàn sí mi lójú lóru."

Iná ẹ́ńjìnnì! Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, tí iná yẹn bá ti tàn, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò pa kúrúùsì. Ẹ bo iná, Alága, ẹ kò bo kọ̀ǹpútà.

Kò tán síbẹ̀. A dúró ra búrẹ́dì, mo lọ sẹ́yìn ọkọ̀, mo ní kí wọ́n tẹ bíréèkì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí wọ́n fi ń mí hẹlẹ, gílóòbù kan kò tàn. Suíìṣì kékeré kan wà lọ́rùn bíréèkì: òun ló ń tan iná ẹ̀yìn, òun náà ló ń sọ fún kúrúùsì pé kó jáwọ́. Tí suíìṣì yẹn bá kú, tàbí tí fíùsì rẹ̀ jó, ọkọ̀ kò ní mọ ìgbà tí ẹ fẹ́ dúró, kò sì ní gba ìwakọ̀ lọ́wọ́ yín. Kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ẹ tún wá gbọ́ o. Ralph Teetor, ará Indiana ní Amẹ́ríkà, ló ṣe ẹ̀rọ kúrúùsì yìí. Ó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1950, Chrysler sì fi í sínú ọkọ̀ wọn ti ọdún 1958. Láti ọmọ ọdún 5 ni ojú rẹ̀ ti fọ́! Wọ́n ní lọ́yà rẹ̀ ló ń wakọ̀ gbé e: tó bá ń sọ̀rọ̀, ọkọ̀ a falẹ̀, tó bá dákẹ́, a tẹná. Ọ̀rọ̀ náà sú Teetor ló fi wá nǹkan ṣe sí i. Ẹni tí kò ríran mọ̀ pé lọ́yà òun kò wakọ̀ dáadáa. Alága wa ríran, wọ́n tún wọ gíláàsì lé e, wọ́n wá ra téèpù.

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ rẹ́wáyà, sà. Kó wo fíùsì àti suíìṣì bíréèkì ná, kó tó máa tú stẹ́ẹ̀rìn. Kí ẹ sì rọra lọ, torí ẹni tó wà lẹ́yìn yín kò ní mọ̀ tí ẹ bá dúró.